Bí A Ṣe Ń Gba Àṣẹ Iṣẹ́ Lẹ́bàá Àbàtà ní Ìpínlẹ̀ Massachusetts

Àwọn àgbà ní àbàtà ta kété bí ẹni pé kò bá odò tan. Òfin ìpínlẹ̀ Massachusetts ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ti gbà tipẹ́ pé wọ́n tan: òfin àkọ́kọ́ tó dáàbò bo àbàtà etíkun ìpínlẹ̀ náà jáde ní 1963, ti àbàtà inú ilẹ̀ tẹ̀ lé e ní 1965, wọ́n sì pa méjèèjì pọ̀ ní 1972 sí òfin kan ṣoṣo tí wọ́n ń pè ní Wetlands Protection Act. Ẹni tó bá ra ilé síbẹ̀, tó rí i pé omi máa ń dúró lẹ́yìnkùlé òun, tó sì fẹ́ kọ́ yàrá kún ilé, kó gbẹ́ odò ìwẹ̀, tàbí kó gé igi tó wà níbẹ̀ lulẹ̀, kò lè fi pé òun ló ni ilẹ̀ ṣe é. Ó ní láti kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ ìlú. Bí a ṣe ń béèrè àṣẹ yẹn ni mo fẹ́ ṣàlàyé níhìn-ín, láti ìgbà tí ènìyàn bá ti gbèrò iṣẹ́ títí dé ìgbà tí ìwé ìparí yóò fi wọ àkọsílẹ̀ ilẹ̀. N ó pẹ́ díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ààlà, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń fi owó àti àkókò ṣòfò.

Ìgbìmọ̀ ìlú àti òfin méjì tó ń lò

Ìgbìmọ̀ tí wọ́n ń pè ní Conservation Commission ló ń gbọ́ ìbéèrè àṣẹ ní ìlú kọ̀ọ̀kan. Láti 1957 ni òfin ìpínlẹ̀ ti fún àwọn ìlú láyè láti yan irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀. Ènìyàn 3 sí 7 ló máa ń wà nínú rẹ̀, ọdún 3 sì ni sáà ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ará ìlú tó yọ̀ǹda ara wọn ni wọ́n, wọn kì í gba owó oṣù, ìdí nìyẹn tí ìpàdé wọn fi sábà máa ń jẹ́ ní ìrọ̀lẹ́. Ó yẹ kí ẹ mọ ọjọ́ ìpàdé wọn, àti ọjọ́ tí wọ́n ń gba ìwé kẹ́yìn ṣáájú ìpàdé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tó bá kọ́lékọ́lé dá ọjọ́ iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ìlú tún ní òṣìṣẹ́ kan tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ yìí ní ọ́fíìsì ìlú. Ẹni yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ bá, kí ẹ mú àwòrán ilẹ̀ yín dání, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe fún un láìfi nǹkan kan pamọ́. Ìbẹ̀rù pé bí a bá béèrè wọ́n á kọ̀ ni kì í jẹ́ kí àwọn mìíràn débẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìbéèrè kò gba owó, tí ìdáhùn rẹ̀ sì lè jẹ́ pé iṣẹ́ náà kò nílò àṣẹ rárá.

Òfin méjì ni ìgbìmọ̀ yìí ń lò pọ̀, àwọn tó ń béèrè àṣẹ sì máa ń gbàgbé èkejì. Àkọ́kọ́ ni òfin ìpínlẹ̀, tó wà ní orí 131, ìpín 40, nínú àkójọ òfin Massachusetts, pẹ̀lú ìlànà rẹ̀ tó ń jẹ́ 310 CMR 10.00. Èkejì ni òfin tí ìlú fúnra rẹ̀ ṣe, tó ń jẹ́ bylaw ní àwọn ìlú tó wà lábẹ́ ètò town, tó sì ń jẹ́ ordinance ní àwọn tó wà lábẹ́ ètò city. Òfin ìlú lè le ju ti ìpínlẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò lè gba ohun tí ti ìpínlẹ̀ kọ̀. Ó lè sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ilẹ̀ tó sún mọ́ àbàtà dé ìwọ̀n kan, ó lè dáàbò bo àbàtà kékeré tí ìpínlẹ̀ kò kà sí, ó sì lè gba owó tirẹ̀ lọ́tọ̀. Nítorí náà, ohun tí ẹni kan ṣe láìsí wàhálà ní ìlú kejì kò sọ ohun tí ẹ lè ṣe ní ìlú tiyín. Ẹ ka òfin ìlú yín tinú tẹ̀yìn kí ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni láti yàwòrán.

Nǹkan mẹ́jọ ni òfin ìpínlẹ̀ ń wò nígbà tó bá ń ṣe ìdájọ́ iṣẹ́ kan: omi mímu ará ìlú àti ti ẹni àdáni, omi abẹ́ ilẹ̀, ìdènà omíyalé, ìdènà ìbàjẹ́ tí ìjì ń ṣe, ìdènà ìdọ̀tí inú omi, ilẹ̀ tí àwọn ẹ̀dá omi oníkarahun ń gbé, ibi tí ẹja ti ń bímọ tó sì ń jẹun, àti ibùgbé ẹranko igbó. Ẹni tó bá dé iwájú ìgbìmọ̀ tó ń sọ pé ilé òun yóò lẹ́wà, tàbí pé àwọn ọmọ òun nílò ibi ìṣeré, kò tíì dáhùn ìbéèrè kankan tí òfin bi í. Ẹni tó bá fi hàn pé omi òjò orí òrùlé tuntun náà yóò wọ ilẹ̀ níbi tó jìnnà sí àbàtà, tí kò sì ní gbé ẹrẹ̀ dà sínú rẹ̀, ti bá wọn sọ̀rọ̀ ní èdè tí wọ́n gbọ́.

Ààlà ni kí ẹ kọ́kọ́ wá

Kì í ṣe inú àbàtà nìkan ni òfin dé. Bí àbàtà bá bá odò, ìṣàn omi tàbí adágún pààlà, tí ewéko rẹ̀ sì jẹ́ ti ilẹ̀ tútù, òfin dáàbò bo àbàtà náà, ó sì tún na ọwọ́ rẹ̀ dé ẹsẹ̀ bàtà 100 yí i ká. Ilẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà 100 yìí ni wọ́n ń pè ní buffer zone. N ó máa pè é ní ìgbànú ààbò. Bèbè odò náà ní ìgbànú tirẹ̀, àbàtà oníyọ̀ àti òkìtì iyanrìn etíkun náà sì ní tiwọn. Láti 1996, odò tó ń ṣàn yípo ọdún tún ní ilẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà 200 ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì tí òfin ń ṣọ́, àfi ní àwọn ìlú kan tí ilé ti pọ̀ jọ, bí Boston àti Worcester, níbi tó ti jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 25. Ìṣàn omi tó máa ń gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kò ní ilẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà 200 yìí, ṣùgbọ́n bèbè rẹ̀ àti ìgbànú ẹsẹ̀ bàtà 100 kò yẹ̀. Ẹ rántí pé gbọọrọ ni a ń wọn gbogbo rẹ̀, bí ẹni pé ilẹ̀ tẹ́jú. Kì í ṣe pé kí ẹ máa fa téèpù sọ̀ kalẹ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, nítorí ìyẹn yóò jẹ́ kó dà bí ẹni pé ẹ ti jìnnà ju bí ẹ ṣe jìnnà lọ.

Níbo wá ni àbàtà parí sí? Ìbéèrè yìí le ju bó ti dà létí lọ, nítorí kì í ṣe ibi tí omi dúró sí lónìí ni ààlà. Ilẹ̀ tó gbẹ táútáú ní oṣù kẹjọ lè jẹ́ àbàtà lójú òfin. Ewéko ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò: níbi tí ìdajì ewéko tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá ti jẹ́ irú tó fẹ́ràn ilẹ̀ tútù, àbàtà ni. Ewé skunk cabbage tó máa ń yọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ìrúwé jẹ́ àmì tó dáni lójú. Igi red maple máa ń hù níbẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ó tún ń hù lórí ilẹ̀ gbígbẹ, nítorí náà òun nìkan kò tó ẹ̀rí. Lẹ́yìn ewéko ni wọ́n ń wo ilẹ̀ fúnra rẹ̀, wọ́n á gbẹ́ ihò kékeré, wọ́n á wò ó bóyá ilẹ̀ ìsàlẹ̀ ti di àwọ̀ eérú tí ó ní àbàwọ́n pupa nínú, èyí tó ń fi hàn pé omi ti dúró síbẹ̀ pẹ́ lọ́pọ̀ ọdún. Wọ́n tún ń wo ipa omi lára igi àti lórí ewé tó ti já.

Iṣẹ́ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ lèyí. Onímọ̀ nípa àbàtà yóò rìn ín, yóò ta àsíá kéékèèké tó ní nọ́ńbà mọ́ igi àti èèkàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààlà náà, awọnlẹ̀ yóò sì wọn ibi tí àsíá kọ̀ọ̀kan wà sórí àwòrán. Ìgbà tí yìnyín bo ilẹ̀ kò dára fún iṣẹ́ yìí, ìgbìmọ̀ mìíràn kì í sì í fẹ́ gba ààlà tí wọ́n fà nígbà náà. Àwòrán ilẹ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ìpínlẹ̀ ń pè ní MassMapper wúlò fún ìwádìí àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n àwòrán tí wọ́n yà láti òkè ni wọ́n fi ṣe ìlà àbàtà tó wà nínú rẹ̀, àbàtà kékeré tó wà lábẹ́ igi ńlá sì lè má hàn. Kí àwòrán yẹn má fi yín lọ́kàn balẹ̀, kó má sì já yín láyà.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn ni pé ààlà yìí ló ń pinnu gbogbo nǹkan yòókù: ìwé tí ẹ máa kọ, owó tí ẹ máa san, ibi tí ilé lè dé, àní bóyá ọ̀rọ̀ kan wà rárá. Àwọn tó kọ́kọ́ yàwòrán ilé, tí wọ́n wá pe onímọ̀ àbàtà lẹ́yìn, ló sábà máa ń yàwòrán lẹ́ẹ̀mejì. Fún ilẹ̀ ńlá, tàbí ibi tí ẹ ti mọ̀ pé àríyànjiyàn yóò wà, ẹ lè ní kí ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí ààlà nìkan kí ẹ tó dábàá iṣẹ́ kankan. Ìwé tí wọ́n ń fi béèrè ìyẹn ń jẹ́ Abbreviated Notice of Resource Area Delineation, orúkọ tó gùn ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ìdáhùn tí wọ́n bá fún yín lórí rẹ̀ máa ń dúró fún ọdún 3.

Iṣẹ́ tí kò nílò àṣẹ

Òfin ìpínlẹ̀ yọ àwọn iṣẹ́ kéékèèké kan sílẹ̀ nínú ìgbànú ààbò. Lára wọn ni gígé koríko àgbàlá tó ti wà tẹ́lẹ̀, ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tí a kò da ọ̀dà tàbí kọnkéré sí, ọgbà tí kò ní dí ẹranko lọ́nà, àti gbígbin igi tó jẹ́ ti ilẹ̀ náà. Bí ilé tí ìdílé kan ń gbé bá ti wà ṣáájú ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ ọdún 1996, a lè sọ koríko àgbàlá rẹ̀ di pèpéle onígi tàbí ilé kékeré fún irinṣẹ́, bí ibẹ̀ bá ti ju ẹsẹ̀ bàtà 50 lọ sí àbàtà, tí a sì dènà ẹrẹ̀ nígbà iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ ló yọ wọ́n sílẹ̀. Òfin ìlú yín lè má yọ wọ́n, nítorí náà ẹ béèrè kí ẹ tó gbára lé e.

Èwo nínú ìwé méjì

Bí iṣẹ́ náà bá kéré, tó wà nínú ìgbànú ààbò nìkan, tí ẹ sì gbà pé kò ní pa àbàtà lára, ẹ lo Form 1, tí wọ́n ń pè ní Request for Determination of Applicability. Ẹ kàn ń bi ìgbìmọ̀ ni pé ṣé òfin de iṣẹ́ yìí. Láàárín ọjọ́ 21 ló yẹ kí wọ́n dá yín lóhùn, ní ìpàdé gbangba tí wọ́n ti kéde rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn. Ọ̀rọ̀ ìdáhùn wọn máa ń rú àwọn ènìyàn lójú: èyí tí wọ́n bá pè ní negative ni ìròyìn ayọ̀, pé ẹ lè ṣiṣẹ́ láìgba àṣẹ ńlá, ó sì lè ní àwọn àdéhùn díẹ̀ nínú, èyí tí wọ́n bá pè ní positive túmọ̀ sí pé òfin dé iṣẹ́ náà, ó sì sábà máa ń jẹ́ pé ẹ ní láti padà wá pẹ̀lú ìwé ńlá.

Ìwé ńlá yẹn ni Form 3, Notice of Intent. Ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé tuntun, tó fẹ́ ri sókáwéè mọ́lẹ̀ nítòsí àbàtà, tó fẹ́ yí ìṣàn omi padà, tàbí tó fẹ́ ṣe ohunkóhun nínú àbàtà gan-an, kó má wulẹ̀ gba ọ̀nà Form 1, nítorí yóò kàn fi oṣù kan ṣòfò ni. Ohun tí ìgbìmọ̀ fẹ́ rí nínú Notice of Intent ni fọ́ọ̀mù náà, àlàyé iṣẹ́ ní kíkún, àti àwòrán tí awọnlẹ̀ tàbí ẹnjiníà lu òǹtẹ̀ sí. Kí àwòrán náà fi àsíá ààlà hàn pẹ̀lú nọ́ńbà wọn, ìlà ẹsẹ̀ bàtà 100, ìlà tí ìlú bá fi kún un, ibi tí iṣẹ́ kò gbọdọ̀ kọjá, ibi tí aṣọ ìdènà ẹrẹ̀ yóò wà, ọ̀nà tí katapílà yóò gbà wọlé, àti ibi tí a ó kó yẹ̀pẹ̀ jọ sí. Méjì tó kẹ́yìn yìí ni àwọn ènìyàn máa ń fò, òun sì ni ìgbìmọ̀ máa ń kọ́kọ́ béèrè, torí wọ́n ti rí i rí pé yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n kó jọ ní ọjọ́ Ẹtì máa ń wọ àbàtà bí òjò bá rọ̀ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Bí iṣẹ́ bá wà nínú ilẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà 200 tó yí odò ká, ẹ tún ní láti fi hàn pé ẹ wá ibòmíràn tí ẹ lè ṣe é sí, tí kò sí èyí tó ṣeé ṣe tí yóò sì pa odò lára kéré sí i.

Ẹ ó fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí MassDEP, iléeṣẹ́ ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó àyíká. Bí àwòrán ìpínlẹ̀ bá fi hàn pé ẹranko igbó tó ń ṣọ̀wọ́n ń gbé níbẹ̀, ẹ̀dà mìíràn á lọ sí Natural Heritage and Endangered Species Program, àwọn tó ní ọjọ́ 30 láti sọ èrò wọn. Owó ìwé dá lórí irú iṣẹ́. Ìlú àti ìpínlẹ̀ ló máa ń pín in, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni ẹ sì ń kọ ṣẹ́ẹ̀kì wọn.

Ó ku àwọn tó bá yín pààlà. Òfin ní kí ẹ fi ìwé tó àwọn tó ni ilẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ bàtà 100 sí ààlà ilẹ̀ yín létí, yálà nípa lẹ́tà tí ilé ìfìwéránṣẹ́ ń fún ní rìsíìtì tàbí nípa fífi lé wọn lọ́wọ́. Ọ́fíìsì tó ń díwọ̀n owó orí ilé ni yóò fún yín ní orúkọ wọn. Ẹ tọ́jú rìsíìtì wọ̀nyẹn bí ojú, nítorí bí ẹ kò bá lè fi ẹ̀rí hàn, ìgbìmọ̀ kò ní ṣí ìjókòó gbangba tí wọ́n ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yín. Ní tèmi, ó sàn kí ẹ ti kan ilẹ̀kùn àwọn aládùúgbò kí lẹ́tà tó dé ọwọ́ wọn. Ẹni tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ìwé ìjọba máa ń wá sí ìpàdé pẹ̀lú ìbínú.

Ìjókòó gbangba

Láàárín ọjọ́ 21 tí ìwé yín bá ti pé ni ìgbìmọ̀ gbọ́dọ̀ ṣí ìjókòó gbangba, ìkéde rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn ó kéré tán ọjọ́ iṣẹ́ 5 ṣáájú. Wọ́n lè kọ́kọ́ wá wo ilẹ̀ náà. Ẹ kan èèkàn sí igun ilé tí ẹ fẹ́ kọ́, kí wọ́n lè fi ojú ara wọn rí i. Ní ìjókòó, ẹ̀yin tàbí aṣojú yín ni yóò ṣàlàyé, ìgbìmọ̀ yóò béèrè ọ̀rọ̀, aráàlú yóò sì sọ tiwọn. Wọ́n lè ní kí akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ mìíràn yẹ iṣẹ́ ẹnjiníà yín wò, lórí owó yín. Òfin fún wọn láyè. Wọ́n lè sún ìjókòó síwájú bí ẹ bá gbà, kíkọ̀ kì í sì í ṣe ọgbọ́n, nítorí bí wọ́n bá ti ìjókòó láìní ohun tí wọ́n béèrè lọ́wọ́, kíkọ̀ ìwé yín ló rọrùn jù fún wọn. Lẹ́yìn tí wọ́n bá tì í, ọjọ́ 21 ni wọ́n ní láti kọ ìpinnu wọn.

Ìpinnu yẹn ni wọ́n ń pè ní Order of Conditions. Àwọn àdéhùn tó wà nínú rẹ̀ lè pọ̀. Ẹ kà á tán kí ẹ tó fún kọ́lékọ́lé ní ẹ̀dà, kí òun náà sì kà á níwájú yín. Ẹ kò tíì lè gbẹ́ ilẹ̀ o. Ọjọ́ iṣẹ́ 10 wà tí ẹni tí ìpinnu náà pa lára, ẹni tó bá yín pààlà, tàbí ará ìlú mẹ́wàá lè fi gbé e lọ sọ́dọ̀ MassDEP. Bí ọjọ́ náà bá kọjá láìsí ẹjọ́, ẹ lọ fi Order náà sí àkọsílẹ̀ ní Registry of Deeds, níbi tí wọ́n ń tọ́jú ìwé ilẹ̀, kí ẹ sì gbé pátákó tó ní nọ́ńbà fáìlì MassDEP sí ibi tí a ti lè rí i. Ọdún 3 ló ń lò. Bí iṣẹ́ kò bá ní parí, ẹ béèrè àfikún ó kéré tán ọjọ́ 30 kí ó tó kú.

Bí wọ́n bá kọ̀ ńkọ́? Ẹ wò ó bóyá lábẹ́ òfin ìpínlẹ̀ ni wọ́n ti kọ̀, tàbí lábẹ́ òfin ìlú, tàbí méjèèjì, nítorí ọ̀nà wọn kò pa pọ̀. Ti ìpínlẹ̀ ń lọ sọ́dọ̀ MassDEP láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 10. Ti ìlú ń lọ sí Superior Court láàárín ọjọ́ 60. Ẹni tó borí lọ́dọ̀ MassDEP, tí kò sì fọwọ́ kan ti ìlú, kò tíì borí.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí kò béèrè

Òfin ìpínlẹ̀ fi ìtanràn tó lè dé 25,000 dọ́là tàbí ẹ̀wọ̀n tó lè dé ọdún 2 sí i, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí ìrúfin náà bá sì wà nílẹ̀ lè di ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀. Ohun tó wọ́pọ̀ jù ni Enforcement Order, ìwé tó ń pàṣẹ pé kí ẹ dáwọ́ dúró, kí ẹ sì dá ilẹ̀ padà sí bó ṣe wà. Ẹni tó ra ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó rú òfin náà kò mórí bọ́: wọ́n lè pe òun náà lẹ́jọ́ láàárín ọdún 3 tí ìwé ilẹ̀ rẹ̀ bá ti wọ àkọsílẹ̀. Kí ẹ tó ra ilé tí àgbàlá rẹ̀ jọ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ da yẹ̀pẹ̀ sí, ẹ lọ béèrè fáìlì rẹ̀ ní ọ́fíìsì ìgbìmọ̀.

Àwọn kan gbọ́ pé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dín agbára òfin àpapọ̀ lórí àbàtà kù ní 2023, nínú ẹjọ́ Sackett, wọ́n sì rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹjọ́ yẹn kò kan òfin ìpínlẹ̀ tàbí ti ìlú. Síbẹ̀, ẹni tó fẹ́ da ilẹ̀ sínú àbàtà gan-an lè nílò àṣẹ Army Corps of Engineers, ẹ̀ka ẹnjiníà iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà, lọ́tọ̀.

Pípa fáìlì dé

Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, tí koríko sì ti hù bo ilẹ̀ tí ẹ tú, ẹ fi Form 8A béèrè Certificate of Compliance, ìwé ẹ̀rí pé ẹ ti pa àwọn àdéhùn inú Order náà mọ́. Ìgbìmọ̀ yóò wá wò ó, ó sì lè béèrè àwòrán ohun tí ẹ kọ́ ní tòótọ́ àti lẹ́tà láti ọwọ́ ẹnjiníà yín. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ṣe èyí, torí ilé ti dúró, wọ́n sì ti ń gbé inú rẹ̀. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, nígbà tí wọ́n bá fẹ́ tà á, agbẹjọ́rò ẹni tó fẹ́ rà á á rí Order tí kò ní ìparí lórí ìwé ilẹ̀, ọjọ́ títà á sì sún síwájú. Ìwé ẹ̀rí náà pẹ̀lú gbọ́dọ̀ wọ Registry of Deeds. Ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ dáadáa: bí wọ́n bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé àdéhùn kan yóò máa bá a lọ títí, bí i pé ẹ kò gbọdọ̀ da ajílẹ̀ oníkẹ́míkà sí koríko tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àbàtà, àdéhùn yẹn yóò bá ilẹ̀ náà lọ sọ́wọ́ ẹni tó bá rà á lọ́wọ́ yín.